ÒRÒMỌDÌẸ: Ẹ BÉÈRÈ ÌYÁ RẸ̀ KÍ Ẹ TÓ RÀ Á

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ ìwà ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ọdọọdún wa yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ adìẹ ni èmi gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Owó adìẹ ni ìyá mi fi ra wàláà tí mo fi kọ́ àlífù, owó adìẹ náà ni ó sì fi ra ìwé fún mi nígbà tí mo wọ ilé-ìwé ìjọba. Ẹni tí adìẹ bá tọ́ dàgbà kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo adìẹ.

Ohun tí ó mú mi kọ ọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta ni ó ń sin adìẹ mẹ́wàá, ogún tàbí ọgbọ̀n sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé ẹyin àti ẹran ti wọ́n. Èyí dára. Àwọn ènìyàn a máa béèrè ọ̀rọ̀ ilé adìẹ, wọn a béèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọn a béèrè ọ̀rọ̀ oògùn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń béèrè ibi tí òròmọdìẹ ti wá. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ pé òròmọdìẹ kò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ni ó mọ àṣá. Nínú ìrírí tèmi, kí òròmọdìẹ tó wọ ọgbà yín, ìdajì ohun tí yóò dà ti parí.

Láyé àtijọ́, ìṣòro yìí kò pọ̀. Ní abúlé wa ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, èmi kò rí ẹni tí ń fi owó ra òròmọdìẹ. Àgbésìn ni ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní àgbébọ̀ yóò gbé e fún ẹni tí kò ní. Ẹni tí ó gbà á yóò máa sìn ín. Bí ó bá pamọ, wọn yóò pín ọmọ náà, ìyá adìẹ sì jẹ́ ti ẹni tí ó ni ín. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí ju Ọlọ́hun lọ. Gbogbo agbo ilé ni ó mọ adìẹ tí ń sàba dáadáa, èyí tí ń ṣá ẹyin ara rẹ̀ jẹ, àti èyí tí ń fi ọmọ sílẹ̀ sínú òjò. Nítorí náà, ẹni tí ó gba ọmọ adìẹ ti mọ ìyá, ó sì mọ ìyá ìyá pẹ̀lú.

Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ a máa yé ẹyin bíi mẹ́wàá sí méjìlá kí ó tó sàba, yóò sì jókòó lé e fún ọjọ́ 21. Oríṣiríṣi ni wọ́n: aṣa tí ìyẹ́ rẹ̀ ká, òpìpì tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò tó nǹkan, àti èyí tí ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòòhò, tí ooru kì í tètè mú. Wọ́n gbọ́n, wọ́n mọ bí a ti ń sá fún àṣá, wọ́n sì ń wá oúnjẹ ara wọn. Ibi tí wọ́n kù sí ni pé ẹyin wọn kò pọ̀: nǹkan bí 40 sí 60 lọ́dún, nígbà tí adìẹ àgíríìkì lè yé tó 300. Bí àgbébọ̀ bá sì kó ọmọ méjìlá jáde, ó wọ́pọ̀ kí mẹ́fà péré dàgbà. Òjò, àṣá, ológbò àti lùkúlùkú ni yóò pín ìyókù.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ẹ̀rọ ni ó ń pa ọ̀pọ̀ òròmọdìẹ tí a ń rà. Wọ́n á kó wọn sínú páálí tí a lu ihò sí lára, wọ́n á gbé wọn sínú ọkọ̀, wọ́n á sì rin ọ̀nà jíjìn láìjẹ láìmu. Ó ya àwọn ọmọ wa lẹ́nu nígbà tí mo sọ èyí fún wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé kí òròmọdìẹ tó jáde nínú èèpo, ó ti fa ìyókù pupa ẹyin sínú ikùn ara rẹ̀. Èyí lè gbé e ró fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Ọgbọ́n Ọlọ́hun ni, kí ìyá lè jókòó de àwọn ẹyin tí kò tíì pa. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó ń bo àṣírí òròmọdìẹ burúkú. Èyí tí kò ní yè lè dúró kí ó máa ké ṣíoṣío níwájú yín fún ọjọ́ méjì, kí owó sì ti kúrò lọ́wọ́ yín kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ojú nìkan kò tó láti fi ra òròmọdìẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó tà á ni a ń rà.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ àsàláátù àdúgbò wa dá owó jọ fún opó kan tí ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà ní ilé-kéú. Wọ́n ní kí ó fi sin adìẹ ẹlẹ́yin, kí ó máa rí owó ilé-ìwé nínú ẹyin. Ó ra 30 lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń kiri òròmọdìẹ. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, ẹlẹ́yin pọ́ńbélé ni. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Funfun ni gbogbo wọn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń fi èédú yá wọn lára lóru bí ẹni tí ó bímọ tuntun. Wọ́n dàgbà, mẹ́rin péré ni ó kú. Nígbà tí ó di bí oṣù mẹ́ta, ọ̀kan kọ. Kò pẹ́, gbogbo ọgbà ni ó ń kọ. Àkùkọ ni gbogbo wọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nínú adìẹ ẹlẹ́yin tí wọ́n ń pè ní Isa Brown, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti pa ni abo ti ń pọ́n, tí akọ sì ń funfun. Nínú dúdú tí wọ́n ń pè ní Nera, akọ a máa ní àmì funfun lórí, abo kì í ní. Akọ kì í wọ́n bí abo, nítorí kò wúlò fún ẹni tí ń wá ẹyin. Àkùkọ kì í ṣe ohun burúkú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹran ọdún lè sìn ín. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé àkùkọ ni òun rà.

Àwọn àgbààgbà jàmáà ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Ó wá, ó ní òun náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, ó sì dá owó òròmọdìẹ padà. Ta ni yóò dá owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta padà? Owó ilé-ìwé táàmù kan ti lọ síbẹ̀. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà rí, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀, ó sì bá olówò náà wí pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i. Ọ̀rọ̀ òròmọdìẹ tilẹ̀ le ju ti oúnjẹ lọ, nítorí olùrà kò lè ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ti ń ṣe é.

Èkínní, mo ń béèrè ìyá. Bí a bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ wa, ṣebí a máa ń wádìí ilé rẹ̀. Níbo ni wọ́n ti pa á? Ọjọ́ wo ni? Irú adìẹ wo ni? Ṣé akọ ni, abo ni, àbí àdàpọ̀? Àjẹsára wo ni wọ́n ti fún un? Ẹni tí ó bá ní kí ẹ má da ara yín láàmú, ẹ fi í sílẹ̀. Àrùn kan wà tí ń mú kí ìgbẹ́ funfun lẹ̀ mọ́ ìdí òròmọdìẹ. Láti ara ìyá ni ó ti lè wọ inú ẹyin, kí òròmọdìẹ sì gbé e wá sílé yín.

Èkejì, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdodo rẹ̀ gbọdọ̀ ti gbẹ kí ó sì ti padé. Ojú rẹ̀ gbọdọ̀ mọ́, ìdí rẹ̀ gbọdọ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ́. Bí mo bá dá a délẹ̀, kí ó dìde kíá.

Ẹ̀kẹta, mo ń wo irú èyí tí ó bá ẹ̀yìnkùlé mu. Ẹyin inú kíréètì tí a ń rà lọ́jà kì í sábà pa, nítorí wọn kì í kó àkùkọ mọ́ àwọn adìẹ tí ó yé e. Bí ẹ tilẹ̀ fún adìẹ àgíríìkì ní akọ, ọmọ rẹ̀ kì í sábà jọ ìyá. Ẹ̀yìnkùlé ń fẹ́ adìẹ tí ó lè rìn, tí ó ń yé, tí ó sì lẹ́ran lára. Abẹ́òkúta níbí ni iṣẹ́ ńlá ti ṣẹlẹ̀ lórí èyí. Ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ó wà ní ọ̀nà Àlàbàtà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébáḿbọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí adìẹ ìbílẹ̀ wa títí wọ́n fi rí èyí tí a ń pè ní FUNAAB Alpha, tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ìjọba ní 2018. Noiler wà pẹ̀lú, láti ilé-iṣẹ́ Amo ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti Shika Brown láti Zaria. Kì í ṣe gbogbo ohun rere ni ó ń ti òkè òkun wá.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú, ibẹ̀ sì ni adìẹ ìbílẹ̀ ti wúlò jù. Bí àgbébọ̀ yín bá ti sàba tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ra òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan, kí ẹ dúró kí ilẹ̀ ṣú. Ẹ rọra máa kì wọ́n bọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn, kí ẹ sì máa yọ ẹyin kúrò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò pe gbogbo wọn ní ọmọ. Kí wọ́n má ju mẹ́wàá sí méjìlá lọ, nítorí ohun tí ìyẹ́ rẹ̀ lè bò nìyẹn. Ẹ tètè jí wò ó ní òwúrọ̀, nítorí àwọn àgbébọ̀ kan a máa ṣá àlejò. Èyí tí ó bá gbà yóò ṣe iná, yóò ṣe olùkọ́, yóò sì ṣe ọlọ́dẹ.

Ẹni tí kò ní àgbébọ̀ yóò fi páálí tàbí yàrá kékeré tí atẹ́gùn kò fẹ́ wọ̀ tààrà ṣe é. Ooru rẹ̀ gbọdọ̀ tó ìwọ̀n 32 sí 35 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ó máa dín kù díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ohun tí a fi ń wọn ooru, ẹ wo àwọn ọmọ náà. Bí wọ́n bá kó jọ gègèrè, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná tí wọ́n ń ya ẹnu, ooru ti pọ̀. Bí wọ́n bá tú ká tí wọ́n ń jẹun, ó dára. Ẹni tí ń lo èédú kò gbọdọ̀ sé ilé pa, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa adìẹ, ó ń pa ènìyàn pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí ìyẹ̀fun pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ máa gbẹ. Ibi tútù ni ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni lùkúlùkú. Newcastle ni àwọn dókítà ń pè é, orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní 1926. Ìgbà ọyẹ́ ni ó ń jà jù níhìn-ín. Kò ní oògùn ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó ní àjẹsára: a ń kán ti àkọ́kọ́ sí i lójú nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọlọ́jọ́ kan, a ń bu Lasota sínú omi mímu ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sì ń gún un lábẹ́rẹ́ bí ó bá dàgbà díẹ̀. Gumboro náà ní àjẹsára tirẹ̀ láàárín ìgbà náà. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko bá yín to ọjọ́ rẹ̀. Ẹ gbé àjẹsára náà wálé nínú yìnyín. Ẹ má bu omi ẹ̀rọ tí ìjọba fi oògùn sí fún un, nítorí oògùn náà yóò ba àjẹsára jẹ́. Omi kànga tí ó mọ́ ni kí ẹ lò.

Bí àrùn bá wọlé, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Àwọn kan a máa sáré kó adìẹ tí ń tòògbé lọ sọ́jà kí ó tó kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àrùn ni wọ́n ń kó lọ sí ilé ẹlòmíràn. Èyí tí ó bá sì ti kú, òkú ẹran ni. Kò tọ́ sí wa láti jẹ, kò tọ́ sí wa láti tà. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Opó tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi adìẹ sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹgbẹ́ kò fún un ní owó. Ìyá àgbà méjì nínú wọn gbé àgbébọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ń sàba fún un ní àgbésìn, èmi àti ẹnìkan tí ó mọ adìẹ sì bá a lọ sí oko kan ní ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀, níbi tí a ti fi ojú ara wa rí àwọn ìyá òròmọdìẹ náà. A ra ogún. Wọ́n wọ abẹ́ ìyẹ́ lóru ọjọ́ náà, mẹ́tàdínlógún sì dàgbà. Mẹ́sàn-án jẹ́ abo. Ẹyin wọn kò sọ ọ́ di olówó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò tún jókòó sílé nítorí owó ilé-ìwé. Nígbà tí ó tó ọdún kan, ó dá àgbébọ̀ méjèèjì padà pẹ̀lú ìpín wọn, ó sì gbé abo kan nínú tirẹ̀ fún obìnrin mìíràn ní àgbésìn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àgbésìn padà sí àárín wa. Ìrànlọ́wọ́ tí kì í dójú ti ẹni tí ó gbà á ni. Ẹ̀yin tí ń ta òròmọdìẹ, ọmọ ènìyàn ni ó wà nídìí páálí yín, ẹ sọ òtítọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéú, ẹ máa bu omi fún adìẹ kí ẹ tó jáde nílé, nítorí ẹ̀dá tí a bá sé mọ́ kò lè wá omi fún ara rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó jẹ́ kí a jẹ ẹran tí ó mọ́, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jèrè ẹ̀kọ́ wọn. Àmín.