Owó Ilé-Ìwé Nìkan Kọ́ Ni Kí Ẹ Wò

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọkàn yín bá ń fà sí ẹ̀kọ́ nípa ìbáṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ti ẹnu mi kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ọmọ mi kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni nígbà tí mo pinnu láti padà sí ilé-ìwé. Mo wo ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kéré jù, mo sì gba ibẹ̀ lọ. N kò ka owó ọkọ̀ sí, n kò sì ro ti ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ. Kí ọdún kejì tó pé, owó ọkọ̀ ti ju owó ilé-ìwé lọ. Nígbà tí àìsàn dá èyí kékeré dùbúlẹ̀, mo fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, gbogbo ohun tí mo ti san sì ṣòfò.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ìgbà tí mo béèrè ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yìí pín sí oríṣi. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Ní Ìlọrin àti ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn. National Open University, tí a ń pè ní NOUN, so ó mọ́ èdè Faransé; ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Kútọnu àti Lómè sì mọ ìwúlò èdè náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, bí Ifẹ̀ àti Ìlọrin, kì í gba owó ẹ̀kọ́ gan-an lọ́wọ́ ẹni tí ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n owó ìforúkọsílẹ̀ àti ti ibùgbé ń bẹ. Ìdánwò JAMB ni a fi ń wọlé, a sì gbọ́dọ̀ máa lọ jókòó ní kíláàsì. Ẹ má sì gbàgbé pé ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Ní ti NOUN, a kì í béèrè ìdánwò JAMB. Ilé ni a ti ń kàwé, a sì ń san owó kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan àti owó ìdánwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí yóò máa tì yín. Ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu yóò sùn lórí ìwé.

Láti 2024, NELFUND ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lówó láìsí èlé. Gbèsè ni síbẹ̀. Ẹ bá ọkọ yín jíròrò kí ẹ tó gbà á.

Nítorí náà, ẹ mú bébà. Ẹ kọ owó ilé-ìwé sílẹ̀, owó ọkọ̀, owó olùtọ́jú ọmọ, àti èrè ọjà tí ẹ kò ní lè tà. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún iye ọdún tí ẹ̀kọ́ náà yóò gbà. Ẹ ó rí i pé èyí tí ó pọ̀ lójú lè kéré ní ìkẹyìn.

Èmi wà ní ọdún kẹta ní NOUN báyìí. Òru ni mo ń kàwé, nígbà tí ilé bá dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni èyí tí ẹ lè kà dé òpin.