Alùpùpù Akọ̀wé Wa Tún Gba Ọ̀nà Bùkúrù

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ alùpùpù Honda CG125 tí olóògbé akọ̀wé wa fi ń gbé ìròyìn ìsọmọlórúkọ àti ti ìsìnkú kiri. Láti ìgbà tí ó ti lọ, ọdún mẹ́fà ni alùpùpù náà fi wà lẹ́yìn ilé. Nígbà tí owó ìdánwò ọmọ rẹ̀ tó san, ìyàwó rẹ̀ fẹ́ tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. A bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì: bí ó bá ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ yóò rà á ní iye tí ó yẹ.

A kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ṣáná sí i. Mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì, ó kán ọ́ìlì sínú ihò rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí ìpẹtà má bàa ha inú ẹ́ńjìnnì. Ní òwúrọ̀, ó rọra yí i; ó yí. Eku ti kó koríko sí ibi tí ó fi ń mí. Bẹntiróòlù àtijọ́ ti dì bí oje igi, ó sì ti dí àwọn ihò tín-ín-rín inú kabúrétọ̀. A fi òkúta wẹ́wẹ́ àti kẹrosíìnì fọ tánkì títí ìpẹtà fi tán. A pààrọ̀ ọ́ìlì, táyà méjèèjì àti bíréèkì.

Jọ́ọ̀sì ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200. Afẹ́fẹ́ orí òkè yìí fúyẹ́, nítorí náà kabúrétọ̀ tí a tò fún ilẹ̀ ìsàlẹ̀ a máa fún ẹ́ńjìnnì ní epo jù, púlọ́ọ̀gì a sì dúdú. Mẹkáníìkì wa, tí í ṣe ọmọ Bírọ́ọ̀mù, mọ èyí, ó sì dín epo kù.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwa méjì gùn ún lọ sí Bùkúrù. A kọjá lára ọgbà oró tí wọ́n fi yí oko pọ̀tétò ká, a sì rí àwọn adágún omi tí àwọn awakùsà tíìnì fi sílẹ̀. Ojú irin dé Bùkúrù ní 1914. Òwò àti iṣẹ́ kùsà ni ó fa ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà wá síhìn-ín. Ẹ́ńjìnnì kò kú lọ́nà rárá. Inú àwọn àgbà Bùkúrù dùn, nítorí wọ́n ti mọ ohùn rẹ̀ kí a tó yọ sí wọn.

Ẹgbẹ́ ti san owó náà, ọmọ sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbé alùpùpù yín sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ kọ́kọ́ fa epo inú rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ní ìròyìn ọmọ tuntun, ìgbéyàwó tàbí àìsàn, kí ó ránṣẹ́ sí wa: a ti ní ohun tí yóò gbé e dé ilé gbogbo.