Bá àti Ìbá ní Èbúté Kirikiri

Kò sí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan láàrin wa tí kò mọ̀ pé, nínú gbogbo ẹ̀kọ́ gírámà, èyí tí ó jẹ mọ́ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí a ń fi ọkàn rò bí ẹni pé ó rí bẹ́ẹ̀, a máa mú àwọn ọmọ wa dúró sójú kan. Ọmọ tí ó ròyìn ohun tí ó ṣe lánàá láìṣìnà, tí ó sì sọ ohun tí yóò ṣe lọ́la bí ó ti yẹ, ẹ ní kí ó sọ ohun tí òun ìbá ṣe bí òun bá jẹ́ ọba, ahọ́n rẹ̀ yóò kọ́lẹ̀. Àwọn kan nínú wa a máa wí pé irú ìrònú bẹ́ẹ̀ kò sí nínú èdè Yorùbá, àti pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi ṣòro fún àwọn ọmọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ti fi etí ara mi gbọ́ ní àdúgbò tí mo ti ń kọ́ni ni mo fẹ́ fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

Ajégúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ́ni, nítòsí Àpápá, púpọ̀ nínú àwọn òbí ọmọ tí mo ń kọ́ sì ń jẹun láti ara èbúté. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Kirikiri lọ, yóò dé etí ọ̀sà tí ó lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí èbúté tí à ń pè ní Kirikiri Lighter Terminal wà. "Lighter" inú orúkọ yìí kì í ṣe ohun tí a fi ń tan iná, bí ọ̀pọ̀ ọmọ ti rò. Ọkọ̀ akẹ́rù pẹlẹbẹ ni, irú èyí tí àwọn ará wọ́ọ̀fù ń pè ní bájì. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá kò bá lè sún mọ́ ilẹ̀, tàbí tí kò bá rí àyè gúnlẹ̀, bájì ni yóò lọ bá a lójú omi, tí yóò sì máa gba ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sí èbúté.

Ní irú ibi báyìí, ẹni tí ó bá tẹ́tí sílẹ̀ kò ní pẹ́ gbọ́ gbólóhùn tí à ń wá. Ní òwúrọ̀ alágbàṣe kan yóò wí pé, "Bí bájì bá dé, a óò jẹun." Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí bájì kò yọjú, ọkùnrin kan náà yóò wí pé, "Ìbá ṣe pé bájì dé ni, à bá ti jẹun." Ẹ kíyè sí gbólóhùn méjèèjì. Èkíní fi ìrètí sílẹ̀, nítorí pé bájì lè dé, ó sì lè ṣàìdé. Èkejì jẹ́wọ́ pé bájì kò dé, oúnjẹ kò sì sí. Síbẹ̀, "dé" ni "dé" ń jẹ́ nínú méjèèjì, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pààrọ̀ aṣọ. Bá àti ìbá ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Láti ara rẹ̀ pàápàá ni àwọn baba wa ti fi "à bá mọ̀" ṣe orúkọ, tí wọ́n ń wí pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ta ni yóò wá sọ pé èdè tí ó sọ irú ìrònú yìí lórúkọ kò mọ̀ ọ́n?

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni a ń gbọ́ ní Ajégúnlẹ̀. Ìgbò wà níbẹ̀, Ìjọ́ wà níbẹ̀, Urhobo wà níbẹ̀, pijin ni ó sì so wọ́n pọ̀. Àwa olùkọ́ a máa na ọmọ tí ó bá sọ pijin ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó ń wí. Bí ẹlẹ́pijin bá ń retí bájì, yóò wí pé, "If barge come, we go chop." Bí bájì kò bá sì dé mọ́, "go" yóò kúrò, "for" yóò sì wọlé: "If barge don come, we for don chop." "For" yìí ni ìbá ti pijin. Ọmọ tí ó bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi "for" rọ́pò "go" ti mọ ẹ̀kọ́ náà tán nínú ọkàn rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí á fi aṣọ Gẹ̀ẹ́sì hàn án.

Aṣọ náà nìyí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìbá. Nítorí náà, nígbà tí ó bá fẹ́ fi hàn pé ohun kan jìnnà sí òtítọ́, aṣọ àtijọ́ ni ó máa ń yá wọ̀. "If the barge comes, we shall eat": bájì lè dé. "If the barge were here, we would eat": òní ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe àná, ṣùgbọ́n bájì kò sí níhìn-ín, nítorí náà "were" gbé aṣọ àná wọ̀. "If the barge had come, we would have eaten": nígbà tí ó jẹ́ àná gan-an ni à ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì tún padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan sí i. Ọmọ tí ó bá rò pé àkókò nìkan ni "were" àti "had" ń sọ yóò dàrú. Ẹni tí a bá sọ fún pé ìjìnnà sí òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, yóò ríran. "Were" tí a ń lò fún "I" àti "he" níhìn-ín jẹ́ àṣẹ́kù gírámà àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tíì jù nù.

Bí olùkọ́ bá ń wá àpẹẹrẹ fún irú kẹta, kí ó má ṣe rìn jìnnà. Ní ọdún 1975, ọkọ̀ tí ó lé ní 400 ni ó kún ojú omi Èkó, tí wọn kò rí àyè gúnlẹ̀, sìmẹ́ǹtì ni púpọ̀ nínú wọn sì rù. Nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì ni ìjọba ti rà, nígbà tí ó jẹ́ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1 tọ́ọ̀nù rẹ̀ ni èbúté Èkó lè gbà lọ́dún. Owó ìdádúró ń gorí ara wọn, sìmẹ́ǹtì mìíràn sì bàjẹ́ sínú ọkọ̀. Ní ọdún 1977 ni a ṣí èbúté Tin Can Island, kí ìnira náà lè dínkù. Èyí ni mo máa ń kọ sójú pátákó: "If they had measured the port, the ships would not have waited." Àwọn ọmọ a sì rí i kíákíá pé ìbá kì í ṣe fún ẹkún nìkan; ìbá ni a fi ń yẹ ohun tí ó ti kọjá wò, kí á lè mọ ibi tí ọgbọ́n ti sá fún wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn mi. Mo ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ, "If I were the captain of a ship." Ọmọbìnrin kan, tí bàbá rẹ̀ ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sọ pé ‘were’ ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé èmi kò lè di ọ̀gá ọkọ̀ ni?"

Mo sọ fún un pé "were" kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀la. Òní nìkan ni ó ń sọ, pé lónìí ìwọ kì í ṣe ọ̀gá ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀la ni o fẹ́ sọ, "If I become" wà níbẹ̀ fún ọ, bá sì ni ìyẹn, kì í ṣe ìbá. Ó kọ ìpínrọ̀ kìíní pẹ̀lú "were", ó sì kọ ìkejì pẹ̀lú "become", kò sì ṣi ọ̀kankan lò.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní gbólóhùn wọ̀nyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí á máa fún wọn ní "If I were" nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ìbá dáadáa, kí wọ́n lè yẹ àná wò. Ẹ sì jẹ́ kí bá pọ̀ nínú ìwé wọn, nítorí pé iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe ṣì wà níwájú wọn.