Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Dígí

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe dígí ọlọ́gbọ́n ní ìlú Ọ̀wọ̀, tàbí ní Ìfọ́n tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, yóò rí òtítọ́ inú òwe yìí. Dígí ọlọ́gbọ́n ni èyí tí ó ń fi ojú ẹni han ẹni, tí ó sì tún ń fi aago àti ọjọ́ hàn lára rẹ̀. Michael Teeuw, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2014, ó sì fi ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, MagicMirror, sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tó láti gbé e ṣiṣẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà yóò kan férémù. Ojú ẹ̀rọ tí yóò wà lẹ́yìn dígí ni iṣẹ́ wà.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Rufus Giwa Polytechnic, Ọ̀wọ̀, bá tu owó jọ fún iṣẹ́ yìí, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé kí ó ra èyí tí ó tóbi jù. Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Dígí yìí ń dá apá kan ìmọ́lẹ̀ padà, ó sì ń jẹ́ kí apá kan kọjá. Níbi tí ojú ẹ̀rọ bá ti dúdú, ojú ènìyàn ni yóò hàn. Níbi tí lẹ́tà funfun bá wà, lẹ́tà ni yóò yọ. Lóòótọ́, lẹ́tà gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ tó láti la dígí kọjá, ṣùgbọ́n bí dúdú ojú ẹ̀rọ kò bá dúdú dénú, yóò dà bí ìgbà tí ọyẹ́ bo ojú ẹni. Kí olùrà ní kí wọ́n pa iná ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n gbé àwòrán dúdú sójú ẹ̀rọ, kí ó wò ó láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná ló kàn. Bátìrì 12V, 7Ah, kò gbà ju 84Wh lọ. Bí ojú ẹ̀rọ bá ń jẹ 20W, tí kọ̀ǹpútà ń jẹ 5W, kò ní lò ju wákàtí 3 àti díẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ojú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí òun àti bọ́ọ̀dù rẹ̀ ń jẹ 10W, yóò lò tó wákàtí 5 ààbọ̀ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn ojú láptọ́ọ̀pù mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ṣiṣẹ́.

Ìdánwò kan ṣẹ́kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Kí ó yọ ojú ẹ̀rọ náà lára iná nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, kí ó sì tún un kì bọ̀ ọ́. Òmíràn yóò tan fúnra rẹ̀; òmíràn yóò máa dúró de ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnì. Bọ́tìnì tí férémù ti bò mọ́lẹ̀, ta ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ nígbàkigbà tí iná bá lọ tí ó sì dé?

Kí dígí tó di ọlọ́gbọ́n, dígí ni. Ní Ọ̀wọ̀, nígbà ọdún Igogo, gèlè àti fìlà a máa di èèwọ̀, Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè a sì máa dirun. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo orí rẹ̀ kó tó jáde nílé lọ́jọ́ náà kò wá aago. Dígí tí kò bá lè fi irun hàn án kedere, bí ó tilẹ̀ mọ aago àti ọjọ́, kò wúlò fún un.