Ìlú Òkè Ìdànrè àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ná Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹ kò ṣàì mọ Ìdànrè. Ẹ ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn, ẹ sì mọ̀ pé bí a bá ń ka àwọn ibi tí kòkó ti pọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, a kò lè yọ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ni ó ti lọ wo ibi tí àwọn baba wọn ti ṣẹ̀ wá? Nígbà ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé tó kọjá yìí ni èmi gun òkè náà. Ohun tí mo rí níbẹ̀, àti ohun tí mo bá pàdé nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ni mo fẹ́ rò fún yín.

Láti Àkúrẹ́ dé ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi máìlì 15 lọ. Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí àpáta fi bẹ̀rẹ̀ sí yọrí láàárín igbó, gìrìwò-gìrìwò, tí ìkùukùu wé mọ́ òmíràn lórí bí gèlè. Ìlú mẹ́ta ni ó wà ní ẹsẹ̀ òkè: Òdòde, Àlàdé àti Àtòsìn. Òkè ni wọ́n ti wá. Ùfẹ̀-Òkè ni wọ́n ń pe ìlú àtijọ́ náà.

Àtẹ̀gùn símẹ́ńtì tí ó wà lára àpáta lé ní 600, ibùsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Èmi lo márààrún, n kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá lára mi ń kí mi pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá,” ohùn wọn kò sì ṣàì ní ẹ̀rín nínú. Bí mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn obìnrin ìgbàanì ni mo ń rò. Kò sí símẹ́ńtì nígbà tiwọn. Oko wà ní ìsàlẹ̀, ilé wà lókè. Iṣu, igi ìdáná àti epo, orí ni wọ́n fi ń rù ú gòkè, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Kí ni ènìyàn wá dé irú ibẹ̀? Ààbò ni. Ní ayé tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú bí ẹni kó adìyẹ, ìlú tí kò ní odi kò lè sùn. Àwọn Ìjẹ̀bú gbẹ́ yàrà: Erédò Ṣùngbọ́, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn Ẹ̀gbá fẹ̀yìn ti Olúmọ. Ìdànrè ní tiwọn, àpáta ni Elédùmarè fi ṣe odi fún wọn. Nígbà tí mo dókè tí mo bojú wẹ̀yìn ni ó yé mi. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá jagun, wọn yóò ti máa wò ó bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Yóò sì ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìlú gidi ni, kì í ṣe ibùba lásán. Mo rí ààfin Ọwá àtijọ́ pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ère sí. Mo rí ilé ẹjọ́. Mo rí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ Kristi dá sílẹ̀ ní 1896. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rò ó wò, kí tíṣà ti gun òkè kí ó tó pe orúkọ àwọn ọmọ! Wọ́n fi ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn mí lára àpáta, wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ti ọmọdé tàbí ti àgbà, tí kò ní bá a mu. Mo bọ́ bàtà, mo ti tèmi bọ̀ ọ́. Ó bá a mu, bí ẹ bá lè fún mi láyè díẹ̀ níhà àtàǹpàkò.

Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 parí pátápátá ní 1893. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, kòkó gba oko. Ta ni yóò máa ru àpò kòkó gòkè kí ó tún máa rù ú sọ̀kalẹ̀ fún ẹni tí yóò rà á? Ọkọ̀ kò sì lè gun àpáta. Láàárín 1920 sí 1935 ni ọ̀pọ̀ wọn kó wá sí ìsàlẹ̀. Ní tèmi, ohun tí ogun kò lè ṣe ni ọjà ṣe.

Ní 2007 ni wọ́n kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé, bí wọ́n ti gba igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ní 2005. Ó dára. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ kò mọ ìwé kà. Ààfin ni àlejò ń wò, ààfin ni a ń tún ṣe; ilé àwọn mẹ̀kúnnù ni òjò ń fọ̀ lọ.

Ní Àlàdé ni mo ti bá ìyá àgbà kan tí ó ń tú kòkó ká lórí ẹní lẹ́bàá títì. Mo kí i, mo ní òkè ni mo ti ń bọ̀. Ó dá iṣẹ́ dúró.

“Ṣé ẹ dé ẹ̀yìn ààfin? Ilé tí ó ní ọlọ nínú àpáta lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ògiri rẹ̀ ṣì dúró?”

Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀. Òun náà a máa gòkè tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti kọ̀. Mo ní, “Màmá, mo rí ògiri púpọ̀, n kò mọ èyí tí í ṣe tiyín.”

Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún méjìlá kan, ó bi í bóyá ó ti dé òkè rí. Ọmọ náà ní àwọn bá iléèwé lọ, àwọn sì ya fọ́tò.

“Wọ́n fi ilé wa hàn ọ́?”

Ọmọ náà wolẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ìyá náà ti ṣe àlàyé ọ̀nà fún un lẹ́ẹ̀mẹta, èmi àti ọmọ náà gòkè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣìnà kí a tó rí i. Ògiri ti lọ, koríko ti gba ibẹ̀. Ọlọ nìkan ni ó kù, ihò nínú àpáta, tí ó ń dán, tí omi òjò kún inú rẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ gbọ́n omi náà dà nù. Ó já koríko kan, ó fi wọn ihò náà, ó ṣẹ́ ẹ síbi tí ó dé, ó sì fi í sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ìyá àgbà.