Àkàrà ò wù mí jẹ mọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò ya fídíò àkàrà mọ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá tó bí màmá mi. Àkàrà ni wọ́n ń tà. Gbogbo owó ilé-ìwé mi, látorí jẹ́léósinmi títí dórí yunifásítì, inú agbada ló ti jáde. Torí náà, tí mo bá ní mo fẹ́ràn àkàrà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo lè jẹ mẹ́wàá pẹ̀lú gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, kí n tún máa wo ìsàlẹ̀ abọ́.

Ìdájí la máa ń jí. Èmi ni mo ń bó ẹ̀wà tá a ti rẹ sómi. Tá a bá lọ̀ ọ́ tán, Ìyá Àgbà á máa pò ó, wọ́n á pò ó títí á fi fúyẹ́. Wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kí àkàrà wú, kì í ṣe pọ́dà. Iyọ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn, tí epo bá ti gbóná tán. Wọ́n ní tí iyọ̀ bá tètè wọ̀ ọ́, á ṣomi.

Nígbà tí mo wọ OOU ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ ò lè bá mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ Sátidé. Mà á ti wọkọ̀, ká gba Òrù, ká gba Àwà, ó di Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá Àgbà á ti tọ́jú tèmi sílẹ̀, èyí tó jó díẹ̀ létí, torí wọ́n mọ̀ pé bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Mo ṣetán, iṣẹ́ ò sí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ fídíò. Èyí tó kọ́kọ́ lọ káàkiri, ọwọ́ Ìyá Àgbà ló wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá a sínú epo. Àwọn ará Brazil ní acarajé tàwọn rèé. Ẹnì kan láti gúúsù Íńdíà ní ó jọ vada, táwọn náà máa ń fi irú ẹ̀wà kan tí wọ́n lọ̀ din. Mo kà á fún Ìyá Àgbà. Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ń fi ata sí i?"

Àtìgbà yẹn, mi ò lọ jẹ àkàrà mọ́ o. Mo ń lọ yà á ni.

Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n gbé abọ́ fún mi. Mo gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo yà á lápá ọ̀tún, mo yà á lápá òsì, mo bu ọ̀kan sí méjì kí inú ẹ̀ lè hàn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, jẹ ẹ́ kó tó tutù." Mo ní, "Ó yá mà, mà á jẹ ẹ́." Ó tutù. Mo dì í sínú náílọ́ọ̀nù, mo gbàgbé ẹ̀ sórí tábìlì, mo wọkọ̀ lọ.

Lálẹ́, wọ́n pè mí: "O ò mà mú àkàrà ẹ lọ." Mo ní mà á jẹ òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó pé, Ìyá Àgbà sùn, wọn ò jí.

Wọ́n ti lé ní 70 ọdún dáadáa. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa: tí àgbà bá lọ, a máa ń din àkàrà, a ó pín in káàdúgbò, torí òkú àgbà kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Agbada Ìyá Àgbà gan-an làwọn àǹtí mi fi din ín. Wọ́n fún mi ní mẹ́ta. Mo fi ọ̀kan sẹ́nu, kò lọ. Kì í ṣe pé kò dùn o. Ọ̀fun mi ló tì. Mo tu ú sọ́wọ́, mo fi pamọ́ káwọn èèyàn má baà rí i.

Láti ọjọ́ náà, àkàrà ò wù mí jẹ mọ́. Tí mo bá gbọ́ òórùn ẹ̀ ládùúgbò, mà á gba ọ̀nà míì.

Lóṣù tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi dé Àbígí, ní Ògùn Waterside. Láàárọ̀, màmá kan ń din àkàrà létí ọ̀nà. Mi ò mọ ohun tó dá mi dúró. Mo rà á, wọ́n fi èènì kan sí i. Fóònù ti wà lọ́wọ́ mi, mo ti fẹ́ ya abọ́ náà. Mo bá ti fóònù bọ báàgì.

Mo jẹ ọ̀kan tán. Ó gbóná, ó ń jó mi lẹ́nu, omi ń dà lójú mi, ẹ jẹ́ ká sọ pé ata ni. Ìkejì ò lọ. Mo fi ìyókù fún ọlọ́kadà tó gbé mi.

Mi ò lè sọ pé ó ti padà. Ọ̀kan péré ni mo jẹ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣì lẹ́ni tó ń dáná fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù. Fídíò lè dúró.