Ọmọ Bàbá Kan Náà: Ẹṣin Lárúbáwá Àtijọ́ àti ti Òde Òní ní Ain Shams

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dé ọgbà ẹṣin El Zahraa ní Cairo ni ọkọ̀ ojú irin. Ẹ ó wọ ìlà kìíní, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ain Shams, ẹ ó sì wá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní tuk-tuk, irú èyí tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kano ń pè ní adaidaita sahu. Àdúgbò náà kún fún èrò: ilé alájà mẹ́fà mẹ́fà tí wọn ò kùn lọ́dà, aṣọ tí wọ́n sá sójú fèrèsé, oníbúrẹ́dì tó gbé igbá ńlá karí lórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Kò sí ohun tó jọ ẹṣin níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìlú àtijọ́ kan wà tí wọ́n ti ń bọ oòrùn kí Cairo tó dáyé, ìtumọ̀ Ain Shams sì ni ojú oòrùn. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ èdè kò lè kọjá ibẹ̀ láì dúró díẹ̀: ọ̀rọ̀ kan náà, ayn, ni Lárúbáwá fi ń pe ojú tí a fi ń ríran àti ibi tí omi ti ń sun, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ ojú, tí a sì ń sọ ojú omi.

Nínú ògiri ọgbà náà, ariwo ìta dín kù lẹ́ẹ̀kan náà. Yanrìn ni ilẹ̀, igi dàbínù tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn abo ẹṣin pẹ̀lú ọmọ wọn sì ń rìn kiri nínú ọgbà onírin. Púpọ̀ nínú wọn funfun, ṣùgbọ́n awọ abẹ́ irun náà dúdú bí èédú, ẹ ó rí i níbi imú àti ní àyíká ojú.

Ohun tó gbé wa dé ibẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2019 ju ìgbafẹ́ lọ. Ní ọdún 2017, àwòrán ọmọ ẹṣin kan láti Amẹ́ríkà tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú rẹ̀ tẹ̀ wọnú débi pé ó jọ ohun tí ọmọdé fi amọ̀ mọ. Àwọn oníṣègùn ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì figbe ta. Ẹṣin kì í fi ẹnu mí bí ènìyàn tàbí ajá, imú nìkan ló fi ń mí. Bí egungun imú bá wá tẹ̀ jù, ibo ni atẹ́gùn ó gbà nígbà tó bá ń sáré? Àwọn tó ń sin ín ní ara rẹ̀ le, kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn kan nínú yín fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí wa, ẹ ní ṣé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tún un ṣe. Ìyá kan ní Kaduna, tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gẹṣin, béèrè ohun tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: èwo gan-an ni ojúlówó ẹṣin Lárúbáwá, ti inú àwòrán àtijọ́ ni àbí ti òde òní yìí?

Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ ná, torí àwọn tó mọ ẹṣin kì í dà wọ́n pọ̀. Ìrísí ni ohun tí ènìyàn ń rí lókèèrè tó fi ń sọ pé Lárúbáwá nìyí: orí kékeré tó gbòòrò níwájú, tó wá ń tín-ín-rín lọ síbi imú, ẹyinjú ńlá, ihò imú tó lè là gbàgà, ọrùn tó tẹ̀ bí ọrun, ìrù tó ń gbé sókè bó bá ti ń sáré. Ìtò ara ni bí egungun ṣe jókòó lórí egungun: bí èjìká ṣe dagun, bí ẹ̀yìn ṣe gùn tó, bóyá ẹsẹ̀ dúró ṣánṣán. Ìrísí ń sọ ìdílé. Ìtò ara ń sọ bóyá ẹṣin náà yóò gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ.

Lọ́wọ́ àwọn Bẹdú tó ń gbé aṣálẹ̀, nǹkan méjèèjì kò jìnnà síra. Ihò imú ńlá wà fún èémí. Àlàfo láàrin egungun àgbọ̀n méjèèjì ní láti gba ìkúùkù ọwọ́, kí ọ̀nà ọ̀fun lè ráyè. Ẹ̀yìn kúkúrú ló ń gbé ẹrù. Àwọn ẹṣin Lárúbáwá kan ní egungun ìhà 17 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan níbi tí ẹṣin mìíràn ti ní 18. Wọn kò ga, láàrin sẹ̀ntímítà 145 sí 155 ni púpọ̀ nínú wọn. Abo ni wọ́n sì ń kà sí jù, èyí tí àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Hausa ń pè ní goɗiya, torí pé abo kì í yán sí ẹṣin ọ̀tá nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ lọ jà lóru. Ìdílé ìyá ni wọ́n ń ka ìran ẹṣin sí. Nínú àwọn ìdílé wọ̀nyẹn, Kuhaylan ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù, inú kuhl ni orúkọ náà sì ti wá, tìróò gan-an, nítorí awọ dúdú tó yí ojú ẹṣin náà ká bí ìgbà tí ìyàwó lé tìróò.

Bí àwọn ẹṣin wọ̀nyí ṣe dé Íjíbítì, agbára àti owó ló fà á. Abbas Pasha, tó jọba láti 1848 títí wọ́n fi pa á ní 1854, rán àwọn ènìyàn káàkiri aṣálẹ̀ láti ra èyí tó dára jù, kò sì béèrè iye. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ali Pasha Sherif ló kó èyí tó pọ̀ jọ nínú wọn. Àrùn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí kòkòrò kékeré bíi kantíkantí ń gbé kiri, pa púpọ̀ nínú wọn. (Àrùn yẹn kan náà wà nílẹ̀ tiwa, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹṣin òkèèrè ṣòro sìn ní Nàìjíríà.) Nígbà tí gbèsè wá dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìyókù.

Ẹni tó rà nínú wọn jù tí orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́ ni obìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lady Anne Blunt. Ìyá rẹ̀ ni Ada Lovelace, ẹni tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ayé ń bọlá fún títí di òní. Òun àti ọkọ rẹ̀, Wilfrid, gẹṣin wọ inú aṣálẹ̀ títí dé Ha'il ní 1879, ó kọ́ èdè Lárúbáwá dáadáa, ó sì ń kọ ìtàn ìdílé ẹṣin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Crabbet ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń sin tiwọn láti 1878, wọ́n sì ní ọgbà mìíràn, Sheykh Obeyd, ní apá Cairo kan náà tí El Zahraa wà. Cairo ló kú sí ní 1917. Ẹṣin tó lórúkọ jù nínú èyí tó kó kúrò ní Íjíbítì ni Mesaoud, pupa oníbọ̀sì funfun ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó dé Crabbet ní 1891. Ní 1920, àwọn ará Íjíbítì fúnra wọn tún lọ ra ẹṣin padà láti Crabbet, torí ohun tó kù sọ́wọ́ wọn kò tó. Àrọ́mọdọ́mọ Mesaoud kan, Kazmeen, wà lára wọn. Kazmeen yìí ni bàbá ìyá Nazeer.

Nazeer ni ìdí tí a fi sọ pé El Zahraa ni ẹni tó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè ìyá tó wà ní Kaduna yóò lọ. Wọ́n bí i ní 1934. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sẹ́ni tó kà á sí tó bẹ́ẹ̀, títí General von Pettkó-Szandtner, ará Hungary tó wá darí ọgbà náà láti 1949, fi mú un ṣe olórí akọ. Ẹ wo àwòrán rẹ̀: ẹwà wà níbẹ̀, ẹyinjú ńlá, ojú tó tẹ̀ díẹ̀. Àyà rẹ̀ tún jìn, ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn. Kò sí ibi kan lára rẹ̀ tó ń pariwo ju ibòmíràn lọ.

Ẹ wá wo ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Hadban Enzahi àti Ghazal lọ sí Marbach ní Jámánì ní 1955. Aswan lọ sí Rọ́ṣíà ní 1963, ẹ̀bùn tí Ààrẹ Nasser fi dúpẹ́ nítorí ìrànlọ́wọ́ wọn lórí ìsédò Aswan. (Tí ìjọba bá fẹ́ fi ẹran dúpẹ́ nílẹ̀ wa, màlúù ni.) Morafic lọ sí Texas ní 1965. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ní Tersk lọ́hùn-ún ní Rọ́ṣíà, gbogbo ọmọ ẹṣin ló ní láti lọ sáré ní pápá kí wọ́n tó mọ èyí tó yẹ kó bímọ, torí náà àrọ́mọdọ́mọ Aswan ní láti ní ẹsẹ̀ àti èémí. Ní Amẹ́ríkà, ibi àfihàn ni owó wà. Wọ́n ń mú ẹni tó rẹwà jù gun ẹni tó rẹwà jù, lẹ́yìn ìran bíi mélòó kan, ọrùn gùn sí i, ìdí tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì, ojú sì ń tẹ̀ wọnú lọ.

Bí wọ́n ṣe ń fún wọn ní máàkì náà dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìdíje ECAHO ní Yúróòpù, ìpín márùn-ún ni wọ́n pín máàkì sí: ìrísí, orí àti ọrùn, ara àti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀, ìrìn. Ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Orí ń gba owó lẹ́ẹ̀mejì, nínú ìrísí àti nínú ìpín tirẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pín 20 péré. Ẹṣin lè fi ẹsẹ̀ tí kò dára gba ife-ẹ̀yẹ tí ojú rẹ̀ bá ti tó. Ẹṣin iwájú sì ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré: ohun tó bá gba ife lọ́dún yìí ni gbogbo ènìyàn yóò fẹ́ kí tiwọn jọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá kan tó ń tọ́jú ẹṣin ní El Zahraa, ẹni tí irùngbọ̀n wọn funfun bí àwọn ẹṣin náà, rẹ́rìn-ín nígbà tí a bi wọ́n pé èwo ló rẹwà jù nínú ọgbà. Ọ̀dọ́ akọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí ojú rẹ̀ tẹ̀ dáadáa, òun la rò pé wọ́n máa nawọ́ sí. Wọ́n kọjá lára rẹ̀. Wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ abo àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọnrangandan, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n di ojúgun rẹ̀ mú, wọ́n sì ní kí a fọwọ́ kàn án. Ó le koko, ó sì tẹ́, bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. “Asila,” ni wọ́n wí. Ojúlówó. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yẹn ni wọ́n sọ, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Kì í ṣe pé ohun àtijọ́ pé tán o. Àwọn tó ń yin ìgbà láéláé máa ń mú àwòrán tó dára jù nìkan jáde. Púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin aṣálẹ̀ tí wọ́n yà ní fọ́tò nígbà náà ní ìdí tó dà sílẹ̀, èjìká tó dúró gangan, àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wọ́. Àwọn tó ń sin ẹṣin lóde òní ti tún nǹkan ṣe níbẹ̀; ẹ̀yìn àti èjìká ọ̀pọ̀ ẹṣin ìsinsìnyí sàn ju ti àwọn bàbá ńlá wọn lọ. Ibi tí a ò bá wọn dé ni ojú. Nígbà tí àmì èémí bá ti wá ń dí èémí lọ́wọ́, àmì kí ló tún kù?

Wọ́n ṣì ń dán èyí wò lọ́dọọdún ní California. Ìrìn Tevis Cup, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, jẹ́ ọgọ́rùn-ún máìlì lórí òkè láàrin wákàtí 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti Kano dé Zaria. Ẹṣin Lárúbáwá àti àwọn tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ló ń borí níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo wọn dáadáa: orí wọn dára níwọ̀nba, àyà wọn jìn. Bí a bá kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nazeer, ẹ ó mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ìdáhùn tí a fún ìyá ọmọ náà nìyẹn: ìwé ìdílé àwọn méjèèjì ló pé, àtijọ́ àti òde òní, ṣùgbọ́n èyí tí ara rẹ̀ ṣì lè ṣe iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ ń ṣèlérí ni kí ọmọ rẹ̀ máa wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè Ọya kò nílò ìwé ìrìnnà láti fi ojú kọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ ẹṣin Durbar Kano, tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ àṣà ayé ní 2024, kì í ṣe Lárúbáwá. Orí wọn gùn, imú wọn sì tẹ̀ síta bí ti àgbò. Bí wọ́n bá ti dì wọ́n ní aṣọ aláràbarà, ojú nìkan ni ènìyàn ń rí. Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú Iléyá, nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ fún àwọn ẹṣin náà, tí kò sí gàárì lẹ́yìn wọn. Ẹ ní kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti pátákò, kí wọ́n máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé etí. Lọ́jọ́ kejì Iléyá, bí Hawan Daushe bá ń kọjá, ẹ bi wọ́n léèrè èwo nínú àwọn ẹṣin yẹn ni wọ́n lè gùn dé Zaria.